Búrẹ́dì Aláriwo

Ní ṣọ́ọ̀bù Àkànjí, ẹni tó bá pariwo lásán, òun ni yóò ra búrẹ́dì. Òfin náà kò sí lára ògiri, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹnì kan bá ké sí Ọ̀gá pé kọ̀ǹpútà ti kó àrùn, tí Ọ̀gá wá wò ó tó rí i pé irọ́ ni, aláriwo yóò kọjá sí òdìkejì títì lọ́dọ̀ Ìyá Divine oníbúrẹ́dì, yóò ra búrẹ́dì tí yóò ká gbogbo ilé, yóò sì jókòó sáàárín wọn bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ tí wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Divine náà ti mọ òfin yìí dáadáa. Bó bá ti rí ẹnikẹ́ni tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù náà, kì í dúró gba ìkíni kó tó béèrè pé, "Ta ló pariwo lónìí?"

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún wà lójú ọ̀nà tó lọ láti Ọgbà sí Agége, lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí èéfín wọn kì í jẹ́ kí aṣọ funfun pẹ́ kó tó yí àwọ̀ padà. Iṣẹ́ mónógíráàmù ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ àti òwú rán báàjì sára ṣẹ́ẹ̀tì òṣìṣẹ́, sára fìlà, sára ẹ̀wù ọmọ ilé ìwé. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ya báàjì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fi fláàṣì gbé e lọ sínú ẹ̀rọ. Gbogbo báàjì tí Àkànjí ti yà látìgbà tó ti dá dúró, inú kọ̀ǹpútà yẹn ni wọ́n wà. Ẹni tó bá jí ẹ̀rọ rẹ̀ gbé, ó ṣe é níbi. Ẹni tó bá ba kọ̀ǹpútà yẹn jẹ́, ó pa á.

Àwọn mẹ́ta ló ń bá a ṣiṣẹ́. Uswat ló ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Làsísì, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Sọ̀fíyàt, ló ń darí ẹ̀rọ. Ó ju Ọ̀gá lọ lọ́jọ́ orí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni Ọ̀gá fi ń bá a sọ̀rọ̀, kódà nígbà tó bá ń bú u. Fikáyọ̀ ló ń gé òwú, òun ló ń gba oníbàárà, òun náà ló sì ń fi orin ìjọ Aládùúrà di wọ́n létí láti àárọ̀ títí tí wọ́n fi ń tilẹ̀kùn.

Ẹni tí kò bá mọ Àkànjí yóò ní ṣe ló kàn fẹ́ràn ẹ̀gàn. Ó fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gàn tirẹ̀ nídìí. Lọ́dún tó kọ́kọ́ dá dúró, nígbà tó ń gbé inú yàrá kan tí òjò ń wọ̀ ní Oko Ọba, kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbé ìkìlọ̀ pupa kan jáde. Ẹ̀rù bà á. Ó lọ pe Dàwódù, ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà. Dàwódù dé nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí ọrùn rẹ̀ ti pọ́n, ó jẹ ìrẹsì tí Àkànjí fi pamọ́ fún oúnjẹ alẹ́, ó mumi sí i, ó wá mi orí bíi dókítà tó fẹ́ túfọ̀ òkú fún ẹbí. "Há," ló wí, "fáírọ́ọ̀sì yìí ti jẹ ẹ́ dé eegun. Ká fọ gbogbo ẹ̀ dànù ló kù." Ó sì fọ̀ ọ́ dànù. Gbogbo báàjì bá a lọ.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ náà dénú, Ishaq tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nísàlẹ̀ títì, tó ṣàlàyé fún Àkànjí pé kò sí àrùn kankan lọ́jọ́ yẹn. Sọ́fúwíà tí wọ́n fi ń ya báàjì ló fà á. Sọ́fúwíà náà kì í ṣe ojúlówó, èyí tí wọ́n já àgádágodo rẹ̀ ni, irú èyí tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù àdúgbò náà ń lò. Áńtífáírọ́ọ̀sì inú kọ̀ǹpútà rí àgádágodo tí wọ́n já, ó kígbe olè. Ìgbà yẹn ni Àkànjí sọ áńtífáírọ́ọ̀sì ní Ọlọ́dẹ, pẹ̀lú ẹ̀gàn, bí èèyàn ṣe ń dárúkọ ọlọ́dẹ tó ń fun fèrè sí onílé tó sì ń sùn nígbà tólè bá dé.

Àkànjí kò gbàgbé nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó lè sọ fún ọ pé ẹja kòtè ló wà lórí ìrẹsì tí Dàwódù jẹ. Kò gbàgbé bó ṣe rìn kiri lásìkò òjò ọdún náà, tó ń tọrọ ṣẹ́ẹ̀tì àlòkù lọ́wọ́ àwọn oníbàárà kó lè rí báàjì ara rẹ̀ wò yà. Ní odò ẹran Oko Ọba, alápatà kan tó ń jẹ́ Àlàmú bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, ó jù ú mọ́ ọn láyà. "Gbà. Kó o fọ̀ ọ́ kó o tó dá a padà." Àkànjí fọ̀ ọ́. Omi mẹ́ta kò mú òórùn rẹ̀ kúrò. Ìdí odò yẹn ló ti búra pé ìkìlọ̀ kankan kò ní dẹ́rù ba òun mọ́ láyé, àti pé ẹni tó bá gbé ẹ̀rù wọ ṣọ́ọ̀bù òun yóò fi búrẹ́dì gbé e jáde.

Gbogbo wọn ló ti ra búrẹ́dì rí. Uswat ra tirẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí Ọlọ́dẹ ń kùn sí sọ́fúwíà báàjì tó sì rò pé òun rí nǹkan. Bàbá Sọ̀fíyàt ra nígbà tí Ọlọ́dẹ kàn ń sọ pé òun fẹ́ gba àtúnṣe. Ti Fikáyọ̀ ló wá burú jù.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ni. Fikáyọ̀ wà nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń wá àwòrán ẹyẹ idì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún báàjì ilé ìwé kan. Lójijì, ojú kọ̀ǹpútà pọ́n wẹ̀ẹ̀, fèrè kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú rẹ̀ bíi ti ọkọ̀ panápaná, ohùn obìnrin òyìnbó kan sì ń kígbe pé àrùn ti wọ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n má ṣe pa á, kí wọ́n pe nọ́ńbà tó wà nílẹ̀ yìí kíá.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Fikáyọ̀ fò dìde, àga dojú dé. "Ọ̀gá! Ọ̀gá o! Ó ti wọlé!"

"Ta ló wọlé?" Àkànjí kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Fáírọ́ọ̀sì, sà! Ẹ ò gbóhùn ẹ̀ ni?"

"Ó ń sọ̀rọ̀?"

"Ó ń sọ̀rọ̀, sà! Ó ní ká pe òun!"

Àkànjí rọra dìde. Ó káwọ́ pọ̀ sẹ́yìn, ó wo ojú kọ̀ǹpútà bí èèyàn ṣe ń wo ọ̀mùtí tó ń jà pẹ̀lú òjìji ara rẹ̀.

"Fikáyọ̀."

"Sà."

"Tólè bá wọ àdúgbò yín, ṣé ọlọ́dẹ yín á dúró sẹ́nu géètì, á ní kó o kọ́kọ́ fi fóònù pe òun kóun tó lé e?"

"Rárá, sà."

"Ọlọ́dẹ tiwa, kí lorúkọ ẹ̀?"

Fikáyọ̀ dárúkọ rẹ̀.

"Ṣé o rí orúkọ yẹn níbí?"

Fikáyọ̀ wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Mi ò rí i, sà."

"Kí lo wá rí?"

"Mo rí… pupa, sà."

Bàbá Sọ̀fíyàt bú sẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ. "Wòlíì! Ìran yín ò ṣẹ lónìí o. Pupa nìkan lẹ rí?"

"Bàbá Sọ̀fíyàt, ẹ dákẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sá fún àtúnṣe!"

"Ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì lásán lèyí," ni Àkànjí wí. Ó tẹ nǹkan méjì, ojú ewé náà parẹ́, fèrè dákẹ́, òyìnbó náà gbé ẹnu rẹ̀ lọ. "Oníjìbìtì ló dúró síta tó ń pariwo pé ilé ẹ ń jó, torí kó o lè ṣílẹ̀kùn fún un. Wò ó." Ó ṣí Ọlọ́dẹ gan-an fúnra rẹ̀, ó ní kó yẹ gbogbo inú kọ̀ǹpútà wò. Kò rí nǹkan kan. "Ọlọ́dẹ tòótọ́, igun ìsàlẹ̀ yìí ló ti ń sọ̀rọ̀, wúyẹ́wúyẹ́ báyìí. Á dárúkọ fáìlì tó ń fura sí. Kì í fun fèrè. Kì í tọrọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Ìwọ, torí òyìnbó kan pariwo, o ti fẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ ilé fún un."

"Ẹ má bínú, sà."

"Èmi ò bínú. Ebi ló ń pa mí. Búrẹ́dì."

Láti ibi tó jókòó sí ni Àkànjí ti gbọ́ ohùn Ìyá Divine lódìkejì títì. "Ta ló pariwo lónìí? Ìwọ náà, Fikáyọ̀! Bá mi kí ọ̀gá yín o, wọ́n ń bá mi tajà." Wọ́n jẹ búrẹ́dì náà gbóná-gbóná, Fikáyọ̀ kò sì kọrin mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ kejì ni Láídé wá.

Láídé ló ń bá ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Àgídìngbì ra ohun gbogbo tí wọ́n ń lò, látorí ìgbálẹ̀ dórí aṣọ òṣìṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí Àkànjí ti ń lé iṣẹ́ aṣọ yẹn. Ó ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹnu géètì wọn láìmọye ìgbà, tí òórùn bisikíìtì ń kọjá lágbárí rẹ̀ tí kò sì sẹ́ni tó fi ẹyọ kan lọ̀ ọ́, tí àwọn ọmọdé tó dé bá a níbẹ̀ ń wọlé lọ tí wọ́n ń jáde. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ẹ̀rọ kejì dé. Bí kò bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ẹ̀rọ kan tó ní yìí yóò bára rẹ̀ ní gbangba títì, torí onílé ti ń mú àwọn àjèjì tó fẹ́ háyà ṣọ́ọ̀bù náà wá wò ó.

Láídé dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé àga fún un, ó wo àga náà, ó fi í sílẹ̀ níbi tó wà.

"Ibí náà lẹ ti ń ṣe é?"

"Ibí náà ni, mà."

"Hùn-ún." Ó na fláàṣì kan sí i pẹ̀lú ìka méjì. "Báàjì wà nínú ẹ̀. Ọ̀gá wa fẹ́ rí ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ti rán an sí, Ọjọ́bọ̀, aago méjì ọ̀sán. Tó bá wù wọ́n, iṣẹ́ gbogbo òṣìṣẹ́ di tiyín. Ẹnì kan wà ní Opebi tóun náà ń ṣe é o, ilé ẹ̀ ní ẹ̀rọ amúlétutù."

"Kò ní kọjá Ọjọ́bọ̀, mà."

Àkànjí gbé fláàṣì náà fún Uswat, Uswat tì í bọ kọ̀ǹpútà. Ohùn kékeré kan dún: tìn. Àkànjí fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí i pé ọwọ́ Uswat dúró lórí máòsì. Ó wo Àkànjí, ó wo Láídé, ó wo Fikáyọ̀ tí ìtìjú àná kò tíì gbẹ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ mira, ó tẹ nǹkan kan.

"Kí nìyẹn?" ni Àkànjí béèrè.

"Kò sí nǹkan kan, sà."

Inú Àkànjí dùn. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé àwọn èèyàn òun ti ń gbọ́n. Láídé gba fláàṣì rẹ̀ padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Báàjì náà jẹ́ àkùkọ kan tó dúró lórí bisikíìtì róbótó. "Ẹ wo oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ tà fáráyé," ni Àkànjí wí, "adìẹ ló ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́." Ṣùgbọ́n Uswat jókòó tì í lọ́jọ́ Ọjọ́rú látàárọ̀, ó ya ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó ya ogbe orí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wò ó á fẹ́ fún un lágbàdo. Kọ̀ǹpútà ń falẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní bóyá ooru ni. Ìgbà kan, Bàbá Sọ̀fíyàt wá sídìí rẹ̀ láti mú báàjì ìjọ kan tí wọ́n fẹ́ rán, ohùn kékeré yẹn sì tún dún, tìn, ó tún dún, tìn. Bàbá Sọ̀fíyàt tẹ ohun tó tẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń sú ìfé. Àkànjí gbọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ aago ara ògiri.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Àkànjí fúnra rẹ̀ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kó lè gbé àkùkọ náà lọ sínú ẹ̀rọ. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tuntun ti wà lórí férémù, òwú pupa ti wà lójú abẹ́rẹ́. Kó tó mú nǹkan kan, tìn. Ìkìlọ̀ kékeré yọ nígun ìsàlẹ̀. Àkànjí yínmú. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sórí bọ́tìnì tó ní kí wọ́n gba ohun náà láyè, bọ́tìnì tó ti tẹ̀ títí tí ìka rẹ̀ fi mọ ọ̀nà ibẹ̀ lójú oorun. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí orúkọ tí Ọlọ́dẹ kọ.

Kì í ṣe orúkọ sọ́fúwíà báàjì. Orúkọ àkùkọ ni.

Ó wo inú àpò fáìlì tí wọ́n ti fláàṣì Láídé dà sí. Àkùkọ méjì ló wà níbẹ̀, orúkọ kan náà. Ọ̀kan jẹ́ àwòrán. Èkejì wọ aṣọ àwòrán, ṣùgbọ́n nígbà tí Àkànjí yẹ irú ohun tó jẹ́ wò, kì í ṣe àwòrán rárá. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá ṣiṣẹ́ ni. Àwòrán kì í ṣiṣẹ́. Àwòrán kàn ń jókòó kí wọ́n máa wo òun ni. Èyí sì wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ tí Láídé wá.

Ó yẹ kó pariwo. Ó yẹ kó fa wáyà yọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó yíjú. Bàbá Sọ̀fíyàt ń ká òwú, Fikáyọ̀ ń to ṣẹ́ẹ̀tì, Uswat dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, gbogbo wọn ń wò ó láìwò ó. Búrẹ́dì sọ sí i lọ́kàn. Bó bá wá jẹ́ pé irọ́ náà ni ńkọ́? Òun, Àkànjí, kí òun máa kọjá títì lọ bá Ìyá Divine? Kí Fikáyọ̀ máa bi òun pé pupa wo ni òun rí?

Ó wúkọ́. "Ẹ máa báṣẹ́ yín lọ."

Ó ní òun yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bí ọkùnrin. Ó ṣí Ọlọ́dẹ fúnra rẹ̀: ojúlówó ni, kì í ṣe oníjìbìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́dẹ fi hàn án pé òun ti mú ohun yìí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun tún mú un lọ́jọ́ Ọjọ́rú lẹ́ẹ̀mejì, àti pé ìgbàkigbà tí òun bá mú un, ọwọ́ kan láti ṣọ́ọ̀bù yìí ló ń tú u sílẹ̀. Síbẹ̀ Àkànjí kò pariwo. Ojú ewé kan wà tí Ishaq fi hàn án nígbà kan, níbi tí ọ̀pọ̀ ọlọ́dẹ ti ń pawọ́ pọ̀ wo fáìlì kan. Ó ti gbé sọ́fúwíà báàjì lọ síbẹ̀ rí. Díẹ̀ nínú wọn kùn, wọ́n ní àgádágodo tí wọ́n já ni àwọn ń bá wí, àwọn yòókù ò tilẹ̀ bójú wẹ̀yìn. Ó wá gbé àkùkọ kejì lọ síbẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì ń fà bí ìgbín. Òbìrí kékeré ń yí lójú kọ̀ǹpútà, ó ń yí.

Bó ṣe ń yí, Àkànjí rí i tí báàjì ilé ìwé kan hu ìrù. Orúkọ rẹ̀ tó wà nínú àpò fáìlì gùn lójijì, lẹ́tà tí kò nítumọ̀ so mọ́ ọn nídìí. Ó nu ojú. Báàjì tó tẹ̀ lé e hu ìrù. Ti ìjọ Aládùúrà hu ìrù. Wọ́n ń hu ú lọ ní títẹ̀léra bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì, Àkànjí sì jókòó, ó ń dúró de òbìrí. Nígbà tí èsì jáde, pupa ló bò ó láti òkè délẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọlọ́dẹ kan nínú wọn tí kò kígbe, orúkọ àrùn kan náà sì ni wọ́n ń pè.

"Ẹ paná!" Àkànjí fò sókè. "Ẹ paná! Ẹ fa wáyà yẹn yọ!"

Kò sẹ́ni tó mira.

"Uswat! Fáírọ́ọ̀sì ni! Ó ń jẹ báàjì!"

Bàbá Sọ̀fíyàt rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀gá, ẹ ń dán wa wò."

Òótọ́ ni. Ó ti dán wọn wò bẹ́ẹ̀ rí, ní ọjọ́ kan tí iṣẹ́ ò sí. Ó pariwo, Fikáyọ̀ sáré, Fikáyọ̀ sì ra búrẹ́dì.

"Èmi ò ní í rà á lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan o," ni Fikáyọ̀ wí, ó dúró gbagidi.

Àkànjí fúnra rẹ̀ sáré lọ fa wáyà yọ lára ògiri. Kọ̀ǹpútà kò kú. Bátìrì tó rà sábẹ́ tábìlì torí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ti gba iṣẹ́ ṣe, ó ń ké píì, píì, bí òròmọdìẹ. Ó fi orúnkún balẹ̀, ó wọ abẹ́ tábìlì láàárín eruku òwú, ó fi agbára fa okùn yẹn yọ. Gbogbo rẹ̀ ṣú. Nígbà tó jáde lábẹ́ tábìlì pẹ̀lú òwú pupa lórí, wọ́n rí ojú rẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n tó mọ̀ pé kò sí ìdánwò níbẹ̀.

Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá Ishaq nísàlẹ̀ títì. Ishaq yọ díìsìkì inú rẹ̀, ó so ó mọ́ tirẹ̀ bó ṣe yẹ, ó wò ó, kò mi orí, kò jẹ ìrẹsì ẹnikẹ́ni. "Ẹ̀gbọ́n, fáírọ́ọ̀sì yìí ti ti àwọn báàjì yín pa, wọn ò ṣeé ṣí mọ́. Èyí tí kò tíì hu ìrù ò pọ̀."

"Mo ní ẹ̀dà."

"Níbo?"

"Lára díìsìkì kékeré."

"Níbo ni díìsìkì kékeré náà ń gbé?"

Àkànjí nawọ́ sí kọ̀ǹpútà náà. Ara kọ̀ǹpútà náà ló ń gbé, tọ̀sán-tòru. Ohun tó jẹ ti inú ló jẹ tìta. Ìwọ̀nba tó kù ni díẹ̀ tí ẹ̀rọ Bàbá Sọ̀fíyàt gbé mì sínú ara rẹ̀ nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán wọn. Àkùkọ kò sí lára wọn. Àkùkọ kò tíì dé ẹ̀rọ.

Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àga tí Láídé kọ̀.

"Ta ló kọ́kọ́ rí i?"

Fikáyọ̀ ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Èmi ni, sà," ni Uswat wí. "Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí mo ṣe ti fláàṣì bọ̀ ọ́."

"Mo rí i lánàá," ni Bàbá Sọ̀fíyàt wí. "Lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ rí i. Ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe ti sọ́fúwíà."

"Ó dárúkọ fáìlì, sà," ni Uswat wí. "Bẹ́ ẹ ṣe kọ́ Fikáyọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ?"

Wọ́n wo ara wọn. Uswat ló tún dáhùn, kò sì sí ẹ̀gàn kankan nínú ohùn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

"Ọ̀gá, búrẹ́dì ti wọ́n."

Àkànjí ki ọwọ́ bọ àpò.

Ó pe Láídé lórí fóònù. Ó sọ òtítọ́ fún un, ó tọrọ ọjọ́ kan péré, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi fláàṣì yẹn sára kọ̀ǹpútà kankan mọ́, torí àrùn wà nínú rẹ̀.

Láídé rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ yìí! Ọjọ́ pé, ẹ ò rí ṣẹ́ẹ̀tì gbé wá, ó wá di fláàṣì mi. Fláàṣì tí mò ń lò lọ́fíìsì lójoojúmọ́?"

"Mà, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yín ò kìlọ̀ fún yín rí?"

"Ó máa ń sọ ọ́ ná. A máa ń pa á lẹ́nu mọ́. Ariwo lásán ni."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, èyí kì í ṣe—"

"Ọ̀gbẹ́ni, mò ń lọ sí Opebi." Fóònù kú.

Àkànjí ń wo fóònù náà. Ẹ̀rín yẹn, ó mọ̀ ọ́n. Ó ti gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí títí, láti ẹnu ara rẹ̀. Iṣẹ́ bisikíìtì ti lọ, ẹ̀rọ kejì ti bá a lọ, fláàṣì náà sì wà nínú báàgì Láídé, ó ń lọ kí ẹni tó ní ẹ̀rọ amúlétutù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ní wákàtí tó yẹ kí ó wà níwájú ọ̀gá Láídé, ó mú àpò ọ̀rá kan, ó gba ọ̀nà Oko Ọba lọ. Ẹgbẹ́ alápatà ní iṣẹ́ fìlà tó yẹ kí wọ́n gbà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, báàjì wọn sì wà lára àwọn tó hu ìrù. Àlàmú ti di àgbà ní odò ẹran, ó ti sanra, orí àpótí ló ń jókòó sí báyìí tó ń pàṣẹ. Ó wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí.

"Ìwọ tún ni?"

"Èmi náà ni, Bàbá."

"Wọ́n tún fọ̀ ọ́ dànù?"

"Rárá o. Lọ́tẹ̀ yìí, àwa la fà á."

Àlàmú bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó jù ú sí i. "O ti mọ iye omi tó ń gbà."

Àkànjí ká a sínú àpò ọ̀rá. Òórùn rẹ̀ kò yí padà láti ọdún yẹn. Nígbà tó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò wọlé. Ó kọjá sí òdìkejì títì. Ìyá Divine rí i, ó dìde dúró.

"Háà, Ọ̀gá fúnra yín! Ta ló pariwo lónìí?"

"Ẹ fún mi ní ńlá," ni Àkànjí wí. "Kò sẹ́ni tó pariwo, Ìyá Divine. Ìyẹn ló jẹ́ kí n wá rà á."